Ohun Tí Mo Ṣe Kí N Tó Kígbe

Ẹ má tíì gbé àpótí mi sínú ọkọ̀. Mo mọ̀ pé awakọ̀ ń dúró, mo sì mọ̀ pé àwọn tí a jọ ń lọ sí Mẹ́kà ti pé sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà ní ikùn mi tí n kò lè gbé wọ bàálù. Bí mo bá gbé e dé iwájú Káábà, n kò mọ ohun tí n óò fi ẹnu yìí bá Ọlọ́run sọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí Àwáwù ìyàwó mi pè yín jọ sínú ọgbà wa láàárọ̀ yìí, ẹ̀yin ẹbí mi àti ẹ̀yin ará àdúgbò. Ẹ wá ibi jókòó. Ràmọ́nì àbúrò mi, fa àga rẹ sún mọ́ mi. Bàbá Success, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì padà sí Okaka. Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Èmi kàn jí i gbé pamọ́ ni.

Ẹ rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lánàá níbi àdúrà ìrìnàjò mi. Àlùfáà rán wa létí pé ẹni tí ó ń lọ sí ilẹ̀ mímọ́ ní láti tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn tí ó ti ṣẹ̀ kí ó tó gbéra. Mo dìde nínú agbádá funfun mi, mo ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, mo ń wí bí gbogbo ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà ṣe máa ń wí, pé bí mo bá ti ṣẹ̀ yín ní mímọ̀ tàbí ní àìmọ̀, ẹ fi jì mí. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu. Ó kó gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ pọ̀, kò sì dárúkọ ọ̀kankan. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Ràmọ́nì, ó gbé ọ̀pá tí ó fi ń rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kò sí ohun tí mo ṣe òun rí, bí ó bá sì wà, òun ti fi jì mí tipẹ́tipẹ́. Mo ní àmín. Ojú kò tì mí. Bí mo ti pète pé n óò ṣe gba ìdáríjì náà nìyẹn, ní gbàǹjo, kí ẹni tí ó ń dárí jì mí má mọ ohun tí òun ń dárí rẹ̀ jì.

Ìgbà náà ni Bàbá Success wọlé. N kò pè é. Ọ̀kadà ni ó gùn láti Okaka, ó di iṣu mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, eruku ọ̀nà sì wà lójú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọdé inú yín lè máà mọ̀ ọ́n. Débọ́lá ni orúkọ rẹ̀, mẹkáníìkì ni. Òun ni ó ni ṣọ́ọ̀bù tí ó wà lójú ọ̀nà tí ó jáde lọ sí Ṣakí, kí ó tó di pé ìlú Ìsẹ́yìn yìí lé e lọ nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà tí a jókòó sí yìí. Ẹgbẹ́ ni wá, kò kéré sí mi. Síbẹ̀ ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi lórí ilẹ̀.

“Bàbá Waheedat,” ni ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí, “mo gbọ́ pé ẹ ń tọrọ àforíjì kiri. Èmi gan-an ni ó yẹ kí n wá tọrọ lọ́dọ̀ yín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tú ṣéènì yẹn nínú ọkàn mi, tí mo tún ń so ó, n kò rí ibi tí mo ti ṣì í so. Ṣùgbọ́n ó tú, àbí kò tú? Ọwọ́ mi ni ó so ó. Ẹ dárí jì mí, kí ẹ sì bá mi bẹ Ràmọ́nì.”

Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí ohun tí mo ṣe. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká, mo ní mo ti dárí jì í, kí ó dìde. Ẹ yìn mí. Ẹ ní ọkàn mi ti kúnjú òṣùwọ̀n Mẹ́kà. Ràmọ́nì ń sunkún, Débọ́lá ń sunkún, èmi sì dúró láàárín wọn nínú agbádá mi. Ẹ̀rù ara mi bà mí. Mo ti rò pé mo mọ bí mo ṣe burú tó, mo rò pé mo ti wọn ìwà ibi mi, mo mọ gígùn rẹ̀ àti ìbú rẹ̀. N kò mọ nǹkan kan. Ẹni tí mo ba ayé rẹ̀ jẹ́ ni ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, mo sì fi ẹnu mi dárí jì í.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Gbogbo yín ni ẹ rántí Pijó 404 tí bàbá wa fi sílẹ̀, èyí tí ó máa ń fi kó aṣọ òfì lọ sí ọjà kí a tó bí púpọ̀ nínú yín. Èmi ni àkọ́bí, èmi ni mo jogún rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ náà débi pé Àwáwù máa ń sọ pé bí òun bá ní bọ́nẹ́ẹ̀tì, bóyá n óò máa nu òun náà láràárọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rú èéfín, tí kò lè gun òkè mọ́, mo pe Débọ́lá. Ó gbọ́ bí ó ṣe ń ké, ó ní kò sí oògùn mìíràn ju kí a gbé ẹ́ńjìnnì náà sọ̀ kalẹ̀, kí a tú u. Ó dá iye tí òun yóò gbà fún gbígbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ́tọ̀, ó dá ti títú u lọ́tọ̀.

Inú bí mi. Èmi ahunṣọ, èmi tí mo máa ń lé oníbàárà dànù bí ó bá ná aṣọ mi ní ìnákúnàá, tí mo máa ń bi í pé ṣé ọwọ́ oníṣẹ́ kò ní iye ni, èmi náà ni mo jókòó tí mo ń ná iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn bí ẹni ń ná ata. Kì í ṣe pé n kò ní in. Ẹ mọ̀ pé mo ní in. Ahun kò mú mi tó ìgbéraga. Mo ti wo fídíò lórí fóònù, mo rí òyìnbó kan tí ó dá gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ilé rẹ̀, tí ó ń súfèé, tí ìyàwó rẹ̀ ń gbé tíì wá fún un. Mo bi ara mi pé kí ni ọkùnrin yìí fi jù mí lọ. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo mọ òwe náà dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ni mo máa ń pa á fún.

Nígbẹ̀yìn, a fẹnu kò pé kí Débọ́lá wá ṣe iṣẹ́ náà nínú ọgbà mi, lábẹ́ àtíbàbà tí ó ní irin gbọọrọ lókè. Àwáwù lọ sí ìsọmọlórúkọ ní Ilérò lọ́jọ́ náà. Débọ́lá tú àwọn nọ́ọ̀tì tí ó de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ oníṣéènì tí wọ́n fi ń fa nǹkan wúwo sókè kọ́ irin náà, ó wá fi ṣéènì kúkúrú kan tí ó nípọn so ẹ́ńjìnnì mọ́ ìkọ́ rẹ̀. N kò ní gbàgbé bí ó ṣe so ó. Ó so ó, ó fà á wò, ó tú u, ó tún un so. Ṣùgbọ́n kò tíì fà á sókè. Ó ní òun fẹ́ lọ mú ènìyàn méjì wá láti ṣọ́ọ̀bù, kí ẹnì kan di ẹ́ńjìnnì mú, kí èkejì ti ọkọ̀ sẹ́yìn, kí n sì wá nǹkan fi sí wọn lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹ má fọwọ́ kàn án o, Bàbá Waheedat. Bí mo bá dé, a jọ máa ṣe é.” Ó gun ọ̀kadà lọ.

Ọ̀rọ̀ pé kí n wá nǹkan fi sí ènìyàn méjì lọ́wọ́, èyí ni ó gún mi. Ṣé kí wọ́n wá dúró wo ẹ́ńjìnnì ni n óò ṣe sanwó fún wọn? Mo ní nígbà tí wọn yóò bá fi dé, wọn yóò bá a nílẹ̀. Mo sún mọ́ ẹ́ńjìnnì náà, mo rí i pé ṣéènì Débọ́lá ti ń ha ọ̀dà orí rẹ̀, ọ̀dà tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn. Mo ti hun aṣọ láti kékeré, n kì í fẹ́ kí nǹkan ha nǹkan. Mo tú ṣéènì náà kúrò.

Mo wọlé lọ mú okùn kan tí mo fi ọwọ́ ara mi hun láti inú àjẹkù òwú òfì. Ẹ̀yin ahunṣọ, ẹ̀yin ni ó lè yé jù. Ṣé ẹ mọ òkúta ńlá tí a máa ń gbé lé pákó ní òpin òwú, lọ́hùn-ún níta, tí òwú ń wọ́ ọ bọ̀ wá bá wa díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń hun aṣọ? Láti ọmọdé ni mo ti ń rí i pé òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ń fa òkúta láti àárọ̀ di ọjọ́rọ̀, tí kì í já. Mo ní bí òwú lásán bá lè fa òkúta, èyí tí mo lọ́ pọ̀ tí ó ki bí àtàǹpàkò, kí ni yóò ṣe tí kò ní gbé ẹ́ńjìnnì? Òmùgọ̀ ni mí. Òkúta ìdí òfì, ilẹ̀ ni ó gbé e, òwú kàn ń wọ́ ọ lórí ilẹ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì tí ó rọ̀ sókè kò ní ilẹ̀ kankan lábẹ́. Ó yẹ kí ọmọ ahunṣọ mọ ìyẹn. Mo so okùn náà, mo fi àkísà wé e yí ká kí epo má bà á jẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí fa ẹ̀rọ náà. Ẹ́ńjìnnì gbéra. Ó jáde kúrò nínú ọkọ̀, ó dúró lókè, inú mi sì dùn débi pé èmi náà ń súfèé.

Ó wá ku kí ẹnì kan ti ọkọ̀ sẹ́yìn kúrò lábẹ́ rẹ̀. Mo pe Ràmọ́nì, tí ó wà nídìí òfì rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Kò sí ẹni tí kò mọ Ràmọ́nì nígbà náà. Bí èmi bá hun aṣọ, ènìyàn á ní ó dára. Bí Ràmọ́nì bá hun ún, wọn á béèrè ilé rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣe máa ń tẹ ìtẹsẹ̀ òfì, àwọn ènìyàn a máa dúró wò ó. Ó dé, ó dúró létí àtíbàbà, kò wọlé. Ó wo ẹ́ńjìnnì náà, àkísà kò jẹ́ kí ó rí okùn, ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló so ó?”

Mo lè sọ òtítọ́. Bí mo bá ní èmi ni, Ràmọ́nì kì bá tí wọlé, nítorí ó mọ̀ mí. Mo dáhùn pé, “Bàbá Success ni.”

Ojú rẹ̀ tú ká. Ó ní bí ó bá jẹ́ Bàbá Success, kò séwu. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọkọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹ́ńjìnnì, ó fi èjìká ti ọkọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, kì í ṣe ìwà àìbìkítà ni ó gbé àbúrò mi dé abẹ́ ẹ́ńjìnnì yẹn bí àwọn kan ti ń sọ. Orúkọ rere Débọ́lá ni mo fi tàn án wọlé. Ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yí sẹ́yìn, tí Ràmọ́nì sì tẹ̀ lé e bọ́ sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ni okùn já. Kò tilẹ̀ dún púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì bọ́, ó bá Ràmọ́nì ní ẹsẹ̀ ọ̀tún láti orúnkún sísàlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ibi tí mo dé yìí, n kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè rí. Ìjàǹbá ni títí dé ibẹ̀. Òmùgọ̀ ṣe iṣẹ́ òmùgọ̀, irọ́ sì bá a lọ, Ọlọ́run lè fojú fo èyí. Ohun tí ó tẹ̀ lé e kì í ṣe ìjàǹbá. Bí ẹ́ńjìnnì ti balẹ̀, ó yẹ kí n kígbe. Ilé àwọn aládùúgbò kò jìnnà, ẹ̀yin kan wà nílé lọ́jọ́ náà, ẹ̀ ń gbọ́ mi yìí. N kò kígbe. Ojú mi lọ sí okùn tí ó já. Mo rí i pé bí ènìyàn bá wọlé báyìí, okùn mi ni yóò rí, gbogbo ìlú yóò sì mọ̀ pé nítorí pé Samsudeen kò fẹ́ sanwó mẹkáníìkì, ó ju ẹ́ńjìnnì lu àbúrò rẹ̀. Ṣéènì Débọ́lá wà nílẹ̀ níbi tí mo jù ú sí. Mo mú un.

Apá kan okùn náà wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Mo fà á, kò jáde. Mo fi ẹsẹ̀ ti ọkọ̀, mo tún fà á. Bí mo ṣe ń fa okùn náà ni ẹ́ńjìnnì ń yí lórí ẹsẹ̀ Ràmọ́nì. Mo rí i pé ó ń yí. Mo gbọ́ egungun. Mo tún fà á. Nígbà tí ó jáde, mo ká àkísà kúrò, mo tú èyí tí ó kù lórí ìkọ́, mo fi ṣéènì yí ẹ́ńjìnnì ká, mo ṣe é bí ẹni pé ó tú fúnra rẹ̀, mo lọ ju okùn àti àkísà sínú ṣáláńgá lẹ́yìnkùlé. Mo tilẹ̀ yọjú wò ó bóyá ó ti rì. Ràmọ́nì wà nílẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn, ó dojú bolẹ̀, ó ń pè mí. Ẹ̀yìn èyí ni mo tó padà wá, tí mo gbé ọwọ́ lórí, tí mo kígbe pé ẹ gbà mí. Igbe náà sì jọ igbe gidi.

Ẹ sáré wá. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì kúrò. Ìyá Mọ́ládé, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, di ẹsẹ̀ rẹ̀ ní aṣọ. Débọ́lá dé pẹ̀lú ènìyàn méjì tí ó lọ mú, ó rí ṣéènì rẹ̀ nílẹ̀, ó sì jókòó sórí erùpẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún yín pé mo fi ìwàǹwára fa ẹ̀rọ náà kí ó tó dé. Ẹ fi èyí jì mí kíá, ẹ ní ta ni kì í ṣe ìwàǹwára, bí ó bá so ó dáadáa, ṣé yóò tú? Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní egungun náà ti di àkúfọ́, kì í ṣe pé ó kàn ṣẹ́, ó ní ó jọ pé wọ́n lọ̀ ọ́ ni. Wọ́n gé e. Ohun tí Ràmọ́nì sì ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó wá kí i lórí bẹ́ẹ̀dì ni pé, “Ẹ̀gbọ́n mi kò dúró lójú kan. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń sáré ká, ó ń wá ohun tí yóò fi gbé e kúrò lára mi.” Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ń gbọ́ ọ.

Ẹgbẹ́ mẹkáníìkì pe Débọ́lá, wọ́n pe èmi náà. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo rí. Mo ní ṣéènì ni mo rí nílẹ̀, ohun tí mo rí ni mo sọ. Ẹ wo ẹnu mi. Débọ́lá kò bá mi jà, kò pè mí ní onírọ́. Ó dúró níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ so ṣéènì tí kò sí níbẹ̀, ó ń gbìyànjú láti fi hàn wọ́n bí òun ṣe so ó. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣí i padà, ẹnikẹ́ni kò gbé ọkọ̀ dé ibẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Agénilẹ́sẹ̀. Ó kó ìyàwó àti Success ọmọ rẹ̀ lọ sí Okaka, ó di àgbẹ̀. Mo ta Pijó náà fún àwọn oní-àlòkù irin, mo ní n kò lè máa wò ó. Ẹ bá mi kẹ́dùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní kí ẹ má fi ọwọ́ ara yín ṣe iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, tí kò sí ohun tí ó ṣe é. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé bí ọwọ́ yín bá bà á jẹ́, kí ẹ kígbe lójú ẹsẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n bá okùn yín níbẹ̀.

Bàbá Success, ẹ so ó dáadáa. Ẹ má tú ṣéènì yẹn mọ́ nínú ọkàn yín, kò sí ibi tí ẹ ti ṣì í so. Àforíjì tí mo fún yín lánàá, mo kó o padà, kò sí ohun tí ẹ ṣe tí mo lè dárí rẹ̀ jì yín. N óò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹgbẹ́ mẹkáníìkì lójú yín kí n tó lọ ibikíbi. Ràmọ́nì, àforíjì tí o fún mi lánàá, èmi náà dá a padà fún ọ, nítorí ojú rẹ wà ní dídì nígbà tí o fún mi. Mú un dání. Nísinsìnyí tí o ti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, bí o bá fẹ́, fún mi. Bí o kò bá fẹ́, n kò ní bínú, kí awakọ̀ máa gbé àwọn yòókù lọ.

Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Kí ni o wí, àbúrò mi? O ní nígbà tí o ń pè mí lọ́jọ́ náà, ṣé mo ń gbọ́?

Mo ń gbọ́ ọ, Ràmọ́nì. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́.